Bí a ṣe ń tún ètò òróró búréèkì BMW E36 tò, láti máàsítà dé kálípà

Ẹni tó bá máa ń gba Third Mainland Bridge láti Oworonshoki sọ̀ kalẹ̀ sí Adeniji Adele ní ìdájí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà á là gbalaja, ẹsẹ̀ á wúwo lórí tọ́rótù, àfi lójijì tí iná ẹ̀yìn danfo kan bá pọ́n níwájú ẹni. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo tẹ búréèkì BMW 325i mi, tí pẹ́dàlì wọlẹ̀ lọ títí ó fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó tó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Àyè tó kù láàárín èmi àti danfo yẹn kò tó gígùn ọkọ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni mo náwó gidi sórí búréèkì. Mo ra dísìkì tó fẹ̀ àti kálípà (irin tó ń fi páàdì fún dísìkì) tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo kó wọn fún mẹkáníìkì kan, ó so wọ́n mọ́ iwájú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan máàsítà, irin tó ń ti òróró lọ sí kálípà. Kò sẹ́ni tó wo họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ náà láti Jámánì. Òróró tí wọ́n dà sí i wá láti inú ike kan tí ìdérí rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí nínú ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fúnra mi ló tó yé mi pé irin tó ń dán nínú rìmù kọ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ náwó lé. Òróró àti ọ̀nà tó ń gbà ni.

Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí E36, èyí tí BMW ṣe láàárín 1990 sí 2000, pàápàá 325i àti 328i. 325i tèmi ní ẹ́ńjìnnì lítà méjì ààbọ̀, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 192, ìwọ̀n rẹ̀ sì sún mọ́ kílò 1,400. Ẹni tó ní Golf GTI, Honda Prelude tàbí Mercedes 190E lè lo ìṣirò kan náà. Ibi tí nǹkan bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́. Ẹni tí kò tíì tú búréèkì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ pe mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, ẹ dúró tì í, kí ẹ sì máa fi ohun tí ẹ bá kà níbí bi í léèrè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín

Tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, ọ̀pá kan á sún síwájú. Búsítà, ìkòkò dúdú ńlá tó wà lẹ́yìn máàsítà, á fi fífà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀pá á ti písítìnnì inú máàsítà, òróró á gba inú páìpù irin àti họ́ọ̀sì lọ ti písítìnnì kálípà, páàdì á sì fún dísìkì mọ́ra. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: tí ẹ bá ti omi tó wà nínú ohun tó dí pa, títì yẹn á dé gbogbo ara ohun náà bákan náà. Omi kì í fún pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ máa ń fún pọ̀ bíi tìmùtìmù, nítorí náà tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà nínú òróró, ẹsẹ̀ yín á kọ́kọ́ máa fún afẹ́fẹ́ kí ó tó fún páàdì.

Ooru náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ọkọ̀ kílò 1,400 tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan gbé agbára tó tó kílójúùlù 540 dání. Tí ẹ bá dá a dúró pátápátá, gbogbo rẹ̀ di ooru nínú búréèkì, ó sì tó láti sọ omi lítà kan ààbọ̀ di híhó. Ẹ wá ro ó pé ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn láàárín Adekunle àti Oworonshoki. Tí òróró bá hó nínú kálípà, ó di ooru omi, ooru omi sì ń fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ohun tó gba ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà nìyẹn, pẹ̀lú ohun kejì tí màá sọ báyìí.

Ìṣirò kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ẹ yá vernier, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìbú nǹkan ní mílímítà, ẹ mú ìwé àti bírò. Ìwọ̀n méjì ni ẹ ń wá: ìbú písítìnnì máàsítà àti ìbú písítìnnì kálípà. Lára ọ̀pọ̀ máàsítà, pàápàá ti ATE, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe búréèkì, nọ́ńbà yẹn wà lára irin rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìdọ̀tí kúrò, ẹ á rí i. Àwọn ìwọ̀n tí a sábà máa ń bá pàdé lára ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni mílímítà 20.6, 22.2, 23.8 àti 25.4.

Ká ní agbára tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá máàsítà jẹ́ Newton 800. Nínú máàsítà 22.2, ojú písítìnnì fẹ̀ tó mílímítà onígun mẹ́rin 387, títì tó máa wà nínú òróró yóò sún mọ́ bar 20.7. Ẹ gbé 25.4 sí i: ojú rẹ̀ fẹ̀ dé 507, agbára ẹsẹ̀ kan náà á wá mú bar 15.8 péré jáde. Ẹ ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin títì náà. Ohun tí ẹ jèrè ni pé tí ọ̀pá bá wọlé ní mílímítà 10, 22.2 á ti òróró mìlílítà 3.9 síwájú, 25.4 á ti 5.1. Èyí túmọ̀ sí pé máàsítà tó fẹ̀ ń jẹ́ kí pẹ́dàlì le, kí ó má rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ni yóò san owó rẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń fún dísìkì mọ́ra púpọ̀, àmọ́ pẹ́dàlì á rìn jìnnà.

Ẹ wá wo kálípà. Kálípà tí písítìnnì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 54 ní ojú 2,290. Tó bá jẹ́ 60, ojú rẹ̀ di 2,827. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Òróró tó máa kún un pọ̀ ní ìdá 23 náà. Tí máàsítà yín kò bá yí padà, pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ rìn jìnnà sí i kí ó tó kó òróró yẹn jáde. Ohun kejì tó ṣe mí nìyẹn. Èmi rò pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, mo sì ń yọ afẹ́fẹ́ láràárọ̀ Sátidé. Máàsítà kò tó kálípà ni.

Tí ẹ bá ń bọ́ sí kálípà 60 láti 54, tí máàsítà yín sì jẹ́ 22.2, 23.8 ni kí ẹ wá. Òróró tó ń tì pọ̀ ní ìdá 15, títì rẹ̀ dín ní nǹkan bí ìdá 13, kálípà tó tóbi á sì dá èyí tó dín padà fún yín. Mo ti wa ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n gbé 25.4 sí láìyí kálípà padà: pẹ́dàlì rẹ̀ le bí ìgbà téèyàn ń tẹ òkúta, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé búréèkì ọkọ̀ náà "mú gan-an". Kò mú. Ó le ni. Líle pẹ́dàlì àti mímú búréèkì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà wọ́n pọ̀ fún yín.

Ohun mìíràn wà tó ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Tí ẹ bá fún iwájú ní kálípà tó tóbi, tí ẹ̀yìn sì wà bó ṣe wà, iwájú á máa gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Táyà iwájú á tètè dúró gbagidi, tàbí kí ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà dì) tètè wọlé, nígbà tí ti ẹ̀yìn kò tíì ṣiṣẹ́ tó bó ṣe lè ṣe é. Ẹ̀rù ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà lè gba àyè púpọ̀ láti dúró ju ìgbà tí ẹ kò tíì náwó lọ. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, tí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ dì, ìdí ọkọ̀ á yí síwájú, pàápàá lórí ọ̀nà tí òjò rọ̀ sí. Nítorí náà, ẹ ra iwájú àti ẹ̀yìn láti ara ọkọ̀ kan náà, kí àwọn tó ṣe é ti bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, M3 E36 wá pẹ̀lú dísìkì mílímítà 315 níwájú, 325i sì ní 286. Tí ẹ bá mú ti M3, ẹ mú tẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì wọn rìmù yín kí ẹ tó sanwó, torí rìmù ínṣì 15 kò ní gbà á.

Fáàfù tí à ń yí lọ́wọ́ láti dín títì ẹ̀yìn kù wà lọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò fi sí tèmi. Lára ọkọ̀ tí páìpù rẹ̀ pín sí iwájú àti ẹ̀yìn bíi BMW, ó ṣeé ṣe, ẹ̀yìn nìkan ni ó sì gbọdọ̀ wà. Lára Golf àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fi iwájú fà, páìpù pín ní ìkọjá: ọ̀tún iwájú pẹ̀lú òsì ẹ̀yìn, òsì iwájú pẹ̀lú ọ̀tún ẹ̀yìn. Fáàfù kan ṣoṣo kò lè bá ìyẹn ṣiṣẹ́. Golf 2 àti Golf 3 sì ti ní fáàfù tirẹ̀ lẹ́bàá áásù ẹ̀yìn tó ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ọjà

Ladipo ní Mushin ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ASPAMDA ní Trade Fair. Owode-Onirin dára fún ẹni tó fẹ́ ra gbogbo ìdí ọkọ̀ pọ̀. Kálípà tòkunbọ̀ kò burú rárá, àwọn tèmi tòkunbọ̀ ni. Ẹ ká rọ́bà ẹnu písítìnnì sókè, kí ẹ wo ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ó bá ti ní ihò kéékèèké tàbí ìpẹtà, ẹ gbé e sílẹ̀ fún oní nǹkan, bó ti wù kó dín owó rẹ̀ kù tó. Tí ara rẹ̀ bá dán, ẹ rà á, kí ẹ sì ra síìlì tuntun fún un.

Máàsítà ní tirẹ̀, tuntun ni kí ẹ rà. Mo sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Inú máàsítà kò ṣeé rí láti ìta, ẹni tó ń tà á kò rí i, ẹ̀yin náà kò rí i. Ohun kan ṣoṣo tó ń ti òróró lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni.

Họ́ọ̀sì náà, tuntun. Họ́ọ̀sì tó ti lé lọ́dún 25 lè dára lójú níta, kí inú rẹ̀ ti wú débi pé òróró á lọ ṣùgbọ́n kò ní tètè padà, páàdì á wá máa fún dísìkì nígbà tí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àwọn kan ń lo èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun bò. Ó dára, kì í wú bíi rọ́bà, pẹ́dàlì á sì le díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ ẹni tó ṣe é àti àmì DOT (ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọkọ̀) wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ so nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe họ́ọ̀sì katapílà, mi ò lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi sábẹ́ ọkọ̀ yín.

Òróró: DOT 4 ni BMW béèrè fún. Bí ó bá ṣì tuntun, DOT 3 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé ìwọ̀n ooru 205, DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230, DOT 5.1 kó tó dé 260. Àmọ́ òróró yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí omi inú rẹ̀ bá dé ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn nọ́ńbà yẹn di 140, 155 àti 180. Ẹ ro bí omi ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ ìlú wa láàárín ọ̀sà àti òkun, kí ẹ wá ro ike tó ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ike tí wọ́n fi bébà dí lẹ́nu, tí ẹ fúnra yín ya, ni kí ẹ rà. Lítà kan tó fún gbogbo ọkọ̀. Ẹ yẹra fún DOT 5 tí kò ní ".1" lẹ́yìn, silikóònù ni, kò bá àwọn yòókù pọ̀, kò sì bá ABS mu.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáńdì irin mẹ́rin lórí ilẹ̀ tó le. Jáàkì nìkan kò tó, búlọ́ọ̀kù sì máa ń fọ́ láìkìlọ̀. Ẹ wọ gíláàsì ojú àti ìbọ̀wọ́. Ẹ ní omi nítòsí, torí òróró búréèkì ń ṣí ọ̀dà ara ọkọ̀. Tó bá ta sí i, omi ni kí ẹ dà lé e lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo páìpù tó wọ ABS, kí ẹ lẹ téèpù tí ẹ kọ nọ́ńbà sí mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sípánà tó ń mú nóòtù páìpù yí ká, 11 ni ti èyí tó pọ̀ jù, ni kí ẹ lò. Sípánà ẹnu ṣíṣí á gé etí nóòtù náà, ẹ ò sì ní rí i tú mọ́.

Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ ohunkóhun tó ní síìlì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má jẹ́ kí òróró gíà tàbí ti páwà sìtíárìn kan ibẹ̀, kódà kí ó jẹ́ ẹ̀kán kan. Àwọn síìlì wọ̀nyí á wú, wọn á rọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ búréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú. Sípírítì tàbí òróró búréèkì tuntun ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n.

Páìpù àti họ́ọ̀sì

Ibí ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Páìpù irin tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn ti jìyà omi òkun lára ọkọ̀ àwọn ará Lekki àti Victoria Island, àwọn tiwa tó ń gba àgbàrá kọjá ní Mushin kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á. Tó bá ní ihò tàbí tó ń ṣí bí èèpo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú páìpù bàbà tó ní níkẹ́ẹ̀lì nínú, ìbú rẹ̀ mílímítà 4.75. Bàbà lásán kọ́, torí ìyẹn máa ń le, á sì ya tí ọkọ̀ bá gbọ̀n ọ́n pẹ́.

Ẹnu páìpù ni àṣírí wà. Ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lo ẹnu tí a tẹ̀ kó yọ bí orí olú kékeré. Ti Japan àti Amẹ́ríkà ṣí bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Nóòtù ti Yúróòpù àti ti Japan lè wọ ara wọn, M10 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń fi ọ̀kan sí ojú èkejì. Á dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ búréèkì gidi ni ó máa tú. Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń tẹ irú tiyín, ẹ sì dánra wò lórí páìpù àjákù kí ẹ tó tẹ èyí tí ẹ máa lò. Téèpù funfun àwọn pílọ́ḿbà kò níṣẹ́ kankan níbí: ẹnu páìpù ló ń dí òróró, òwú nóòtù kọ́, ègé téèpù tó bá já sì lè wọ inú ABS.

Tí ẹ bá so họ́ọ̀sì iwájú tán, ẹ yí sìtíárìn lọ sí òpin ọ̀tún, lẹ́yìn náà òpin òsì, nígbà tí táyà ṣì wà lókè, tí kò kan ilẹ̀. Họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ le gbàgà, kò gbọdọ̀ lọ́ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ fara kan táyà tàbí sípíríìnì. Ibi tí wáṣà bàbà bá wà, tuntun ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Máàsítà

Ẹ fa òróró inú ike orí rẹ̀ jáde kí ẹ tó tú u. Lára E36 onígíà ọwọ́, kílọ́ọ̀ṣì náà ń mu nínú ike yìí kan náà láti inú họ́ọ̀sì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ ibẹ̀, pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì á rọ̀ wọlẹ̀, ẹ á sì ní láti yọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀ náà. Ẹ dí ẹnu páìpù tí ẹ tú pẹ̀lú ìdérí rọ́bà kí ABS má bàa gbẹ.

Rọ́bà róbótó kan wà láàárín máàsítà àti búsítà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ó bá ya, búsítà á máa fa afẹ́fẹ́, pẹ́dàlì á sì le gan-an.

Ẹ wọn ọ̀pá tó yọ láti inú búsítà, kí ẹ fi wé bí ihò ẹ̀yìn máàsítà tuntun ṣe jìn tó. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀. Tó bá gùn jù, á máa ti písítìnnì díẹ̀ nígbà gbogbo, ihò tí òróró ń gbà padà sínú ike á dí, búréèkì á gbóná fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, títí táyà fi máa dì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lọ mọ́ lórí Eko Bridge lẹ́yìn tó pààrọ̀ máàsítà, ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Kí ẹ tó gbé máàsítà tuntun sójú rẹ̀, ẹ dè é mọ́ fáìsì, ẹ bu òróró sí i, ẹ so rọ́bà kékeré méjì mọ́ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n padà rì sínú òróró orí rẹ̀, kí ẹ máa fi igi róbótó ti písítìnnì díẹ̀díẹ̀ títí tí fóòmù kò fi ní jáde mọ́. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá fò ó á fi ọ̀sán kan ṣe é lábẹ́ ọkọ̀.

Kálípà

Èyí kò le. Ẹ fi okùn so kálípà kọ́ sípíríìnì, kí ó má fi họ́ọ̀sì rọ̀. Bóòtù tó di kálípà mú níwájú E36 ń gba Nm 110 (ìwọ̀n bí a ṣe ń dì í le tó), ti ẹ̀yìn Nm 67, bóòtù táyà Nm 100. Ẹ wo ohun kan dáadáa: nípù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde gbọ́dọ̀ wà lókè. Tí ó bá wà nísàlẹ̀, ẹ ti gbé ti ọ̀tún sí òsì nìyẹn, afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde láéláé bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó.

Yíyọ afẹ́fẹ́

Sìtíárìn wa wà lápá òsì, máàsítà náà wà lápá òsì. Nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù: ọ̀tún ẹ̀yìn, òsì ẹ̀yìn, ọ̀tún iwájú, òsì iwájú.

Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara sẹ́nu nípù, kí òpin rẹ̀ rì sínú òróró díẹ̀ nínú ìgò. Ẹnì kan á wà nínú ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń bá mi ṣe é ti mọ orin rẹ̀:

"Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá."

"Dì í mú."

"Mo dì í mú, sà."

Èmi á tú nípù ní ìdá mẹ́rin ìyípo, òróró á sáré jáde pẹ̀lú ìfòòfó, màá dí i, kí n tó sọ pé "Gbé ẹsẹ̀." Tí ó bá gbé ẹsẹ̀ kí n tó dí i, afẹ́fẹ́ á padà wọlé, a ó sì tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, ẹ wo ike orí máàsítà. Kò gbọdọ̀ gbẹ. Èyí tó jáde sínú ìgò, ẹ má dà á padà.

Tí ẹ bá ń lo máàsítà tó ti pẹ́, ẹ fi pákó kékeré sábẹ́ pẹ́dàlì kí ó má lè wọlẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni písítìnnì rẹ̀ ti ń rìn ní ibì kan ṣoṣo. Iwájú ibẹ̀ ti dóògún, síìlì tó bá sì gorí rẹ̀ á ya. Bẹ́ẹ̀ ni máàsítà tó dára láàárọ̀ ṣe máa ń kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Tí pẹ́dàlì bá ṣì rọ̀ lẹ́yìn yípo méjì, afẹ́fẹ́ lè ti há sínú ABS. Ẹ wá rewáyà tó ní kọ̀ǹpútà tó lè mú pọ́ọ̀mpù ABS ṣiṣẹ́, pàápàá tí ọkọ̀ yín bá ní ASC (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán nígbà tí ẹ bá tẹ iná), kí ẹ sì tún un yọ.

Ìdánwò kí táyà tó kan ilẹ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́: ẹ tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ dì í mú, kí ẹ wá sítáàtì ọkọ̀. Pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Búsítà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Tí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, òróró ń jò níbì kan tàbí ó ń yọ́ kọjá síìlì nínú máàsítà. Ẹ fi tíṣù funfun nu gbogbo ojú ìsopọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí tíṣù máa ń fi ìtutù tí ojú kò rí hàn. Lẹ́yìn náà ẹ yí táyà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́: ó gbọ́dọ̀ yí láìdì.

Ní ìgboro, ẹ kọ́kọ́ rìn ní kìlómítà 10, kí ẹ dúró. Kí ẹ rìn ní 20, kí ẹ dúró. Láti fi páàdì tuntun mọ dísìkì, ẹ nílò ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti 80 sọ̀ kalẹ̀ sí 20, láìdúró pátápátá, kí ẹ sì wá rìn jẹ́jẹ́ kí ó tutù. Third Mainland kọ́ ni ibi rẹ̀, kò sí ibi téèyàn lè yà sí. Òpópónà Lekki sí Epe ní àárọ̀ Sunday kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó jáde ni èmi máa ń lò, pẹ̀lú ẹnì kejì nínú ọkọ̀ tó ń wo ẹ̀yìn fún mi.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ibùdó LACVIS kan, níbi tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn wọn búréèkì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá ọ̀tún àti òsì dọ́gba, àti bí ẹ̀yìn ṣe ń ṣe sí iwájú. Ìwé tí wọ́n fún mi lẹ́yìn tí mo tún tèmi tò wà nínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù títí di òní.

Nígbà tí ẹ bá ti rìn tó kìlómítà 100, ẹ tún fi tíṣù nu gbogbo ìsopọ̀. Ẹ lẹ téèpù funfun mọ́ ìdérí ike máàsítà, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ pààrọ̀ òróró sí i. Ọdún méjì ni kí ẹ kà láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ tó ń lo ìlú Èkó lójoojúmọ́, ọdún kan ni mo kọ sí tèmi.